Owó Oorun Màámi

Táyọ̀, ọmọ ọmọ mi, àti ọkọ rẹ̀ ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe ìjà burúkú, irú èyí tí tọkọtaya máa ń fi ẹ̀rín ṣe ni, àmọ́ ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kejì báyìí. Ọkọ Táyọ̀ ló rí ibi ìsinmi kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ibi tí wọ́n kọ́ ahéré tó dáa sí etí omi, tí wọ́n gbin igi àgbọn yí i ká. Ó ní òun fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ lọ síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Táyọ̀ ní lórí kí ni? Ó gbé fóònù wá bá mi nínú yàrá mi ní Jákàńdè, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó. Ẹ wo iye tí wọ́n ní ká san ká kàn lọ sùn! Oúnjẹ ò sí nínú ẹ̀ o. A tún máa ra ìyẹn lọ́tọ̀." Ọkọ rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Ẹ bi í léèrè iye tó fi ra wíìgì lóṣù tó kọjá." Mo wo àwòrán náà títí. Mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo ní èsì, èsì náà ló gùn. Mo mọ ẹnì kan tó san irú owó bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí gbogbo ilé ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú, mo sì mọ ohun tó fi rà.

Òṣòdì là ń gbé nígbà náà, nínú ilé gígùn kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá, kànga wà lẹ́yìnkùlé, ilé ìdáná kan ṣoṣo ni gbogbo wa jọ ń lò. Èèyàn ò nílò aago nínú ilé yẹn. Pẹ́ẹ̀lì tó bá kọ́kọ́ kan etí kànga, Ìyá Ìbejì ló ni ín, ilẹ̀ ń mọ́ nìyẹn. Tí ìgbálẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni, nítorí iṣẹ́ tèmi ni láti gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n tó lọ pọnmi. Lẹ́yìn náà rédíò Bàbá Ìbejì á ké, ọkọ̀ ojú irin á fun fèrè, ilẹ̀ á gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná á sì dé láti ìta. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Màámi ti ń sáré lẹ́nu ọ̀nà wa. Aṣọ ilé ìwé ló ń rán. Tó bá fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, á máa fi ti òsì ti aṣọ síwájú, ẹnu rẹ̀ á sì wà lára gbogbo ẹni tó bá ń kọjá: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú omi o. Bọ́lá, o ò tíì ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ yẹn, ṣé kó gún mi lẹ́sẹ̀ ni?" A kì í ti ilẹ̀kùn. Kọ́tìnnì la máa ń ta sílẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé á kàn pariwo "àgò," kó tó gbọ́ èsì ó ti jókòó. Bí a ṣe ń gbé nìyẹn, ó sì dùn mọ́ wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé kò ní fi ebi sùn. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ bú ilé náà nínú ohun tí mo máa sọ.

Ọdún yẹn ni owó dé. Àwọn àgbà ní epo rọ̀bì ni. Èmi ò rí epo kankan, ohun tí mo rí ni pé wọ́n fi kún owó oṣù, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló kọ́kọ́ gbà á, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó náà sì tẹ̀ lé e. Yàrá tó kọjú sí tiwa ra fáánù tó ń yí ọrùn, àwa ọmọdé á sì máa tẹ̀ lé atẹ́gùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ra tẹlifíṣọ̀n kí iná tó dúró dáadáa nínú ilé. Bàbá Ìbejì, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ra ilẹ̀ ní Èjìgbò. Igbó ni wọ́n ń pe ibẹ̀ nígbà náà, wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló fẹ́ lọ bá ẹranko gbé. Káfíńtà ni Bàámi. Iṣẹ́ pákó ló ń ṣe pẹ̀lú àwọn òyìnbó tó ń kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun, ọ̀nà Apákun ló máa ń gbà lọ láàárọ̀, pẹ̀lú ayùn rẹ̀ tí ó fi àpò ìrẹsì wé. Owó tirẹ̀ náà dé. Gbogbo ilé wá ń retí ohun tí Bàbá Bọ́lá máa rà.

Àmọ́ kí owó náà tó dé ni àbúrò mi kú. Dàpọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ó ti ń di nǹkan mú dìde, ó ti ń pe ẹ̀rọ ìránṣọ ní "kí-kí." Ibà gbé e, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, Màámi sì padà wálé láìsí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí nílé Yorùbá tí ọmọdé bá kú. Àwọn àgbà ló gbé e lọ, ìyá àti bàbá ò gbọdọ̀ rí ibi tí wọ́n sin ín sí. Kí wọ́n tó padà dé, Ìyá Ìbejì ti kó aṣọ rẹ̀, ọ̀já tí wọ́n fi ń pọ̀n ọ́n àti ife rẹ̀ kúrò ní yàrá wa. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Èmi pè é lẹ́ẹ̀kan, nídìí kànga, ẹni tó wà níbẹ̀ sì fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu kíá. Wọ́n ní tí ìyá bá ń gbọ́ orúkọ náà, ọkàn rẹ̀ ò ní kúrò níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì ní tètè gba òmíràn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sunkún. Tí ojú Màámi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pọ́n, ohùn bíi mẹ́rin á ti sọ̀kalẹ̀ lé e lórí: "Ó tó, ó tó, Ìyá Bọ́lá! Kí ni kí ẹni tí kò bí rí ṣe? Ṣé Bọ́lá yìí kì í ṣe ọmọ ni?"

Wọn kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ìyẹn ni ohun tó yé mi tí mo dàgbà tán, tí kò yé mi nígbà yẹn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n pín in láàárín ara wọn, bí ẹnì kan bá dìde, ẹlòmíràn á jókòó, wọ́n á máa sọ ìtàn tí kò kan ẹnikẹ́ni, owó ìrẹsì, ìyàwó ọmọ lágbájá. Tí wọ́n bá wá, Màámi gbọ́dọ̀ gbé omi fún wọn. Tí wọ́n bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ sìn wọ́n dé ẹnu géètì, nítorí a ò ní í sọ pé ìbànújẹ́ ti sọ ọ́ di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá ni Màmá Ìkìrun dé, ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin, tó wá láti ilé láti wá gbà á níyànjú. Obìnrin tó ga, tó ní ohùn bí agogo, tí kò lè rí ìkòkò kó má ṣí i wò. Ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú Màámi. Bàámi àti èmi wà lórí ẹní. Mo sì máa ń rí ojú Màámi ní kùtùkùtù, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn: ojú tó là sílẹ̀, tó gbẹ, tí kò tíì sùn. Ó ń rù. Aṣọ ilé ìwé tó rán nígbà yẹn, apá kan gùn ju ìkejì lọ, àwọn oníbàárà sì ń gbà á láìsọ̀rọ̀ nítorí àánú. Ẹ̀rọ náà máa ń dákẹ́ lójijì láàárín aṣọ, èèyàn á wò ó, ọwọ́ rẹ̀ á kàn wà lórí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún Bàámi pé kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀, kó ṣáà wá bí yóò ṣe sùn, pé ohun tí àìsùn lè fi èèyàn ṣe kò kéré. Bàámi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rù sì bà á. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí owó dé ni Bàámi jẹun tán, tó nu ọwọ́, tó ní, "Mo fẹ́ mú Ìyá Bọ́lá lọ sí kámpù." Kámpù yẹn, ọ̀nà Àgbádárìgì ló wà, lórí iyanrìn, létí òkun gan-an. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ńlá ló ń lọ síbẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, tìyàwó tọmọ, wọ́n á gba ahéré kan, wọ́n á jókòó. Ilé iṣẹ́ Bàámi ló rán an lọ tún àwọn ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣe, nítorí atẹ́gùn iyọ̀ ti jẹ wọ́n. Ó sọ fún wa pé nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́, òun rí obìnrin òyìnbó kan tó gbé àga síwájú omi láàárọ̀, tó sì jókòó síbẹ̀ títí òun fi palẹ̀ ayùn mọ́, kò sì sí ẹnì kankan tó lọ sọ fún un pé kó dìde.

Bàbá Ìbejì tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́, ó sì wọlé láì ké àgò pàápàá. "Bàbá Bọ́lá, èló ni wọ́n ń gbà níbẹ̀?" Bàámi sọ iye rẹ̀ fún un. Bàbá Ìbejì di orí mú. "Tẹ́ ẹ bá fi díẹ̀ lé e, ẹ ti ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní Èjìgbò! Ilẹ̀ o! Kẹ́ ẹ wá lọ fi sùn sórí iyanrìn? Iyanrìn tí a fi ń mọ búlọ́ọ̀kù!" Màmá Ìkìrun ò tilẹ̀ bínú, ó kàn ń wo àbúrò rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó jábọ́ láti orí igi. "Jímọ̀," ó ní, "tó bá jẹ́ pé ìsinmi ni, ṣé Ìkìrun ò sí ni? Ilé bàbá ẹ kì í béèrè owó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ." Bàámi ní, "Àǹtí mi, tó bá dé Ìkìrun, èèyàn mélòó ló máa wá kí i?" Màmá Ìkìrun ní, "Gbogbo ìlú ni!" Ó sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n bi Màámi, ó ní ohun tí wọ́n bá ní kí òun ṣe náà ni. Ohun tó ń sọ sí gbogbo nǹkan nìyẹn nígbà náà. Bàámi sanwó náà. Ìjiyàn tó kù ni pé Màmá Ìkìrun fi aṣọ sínú báàgì tirẹ̀, ó ní kò sí bí òun ṣe máa jẹ́ kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lọ sí etí òkun láìsí obìnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàámi ò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má wá. Kò sí ẹni tó lè sọ ọ́.

Bí a ṣe di ẹrù, ẹni tó bá rí wa á rò pé ńṣe là ń kó kúrò nílé. Màmá Ìkìrun di sítóòfù, ìkòkò, ẹ̀wà, epo, iṣu àti ọlọ kékeré kan. Dírẹ́bà ilé iṣẹ́ Bàámi ló gbé wa nínú píkọ́ọ̀pù ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti ẹrù wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lójú. Mi ò rí òkun rí. Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ọkọ̀ ojú irin ni, mo wá ń dúró kó kọjá. Kò kọjá. Ahéré náà dáa lóòótọ́: òrùlé imọ̀ ọ̀pẹ, ilẹ̀kùn tí Bàámi fúnra rẹ̀ kàn, bẹ́ẹ̀dì méjì tí aṣọ wọn funfun débi pé ẹ̀rù ń bà mí láti jókòó lé e. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́ fún yín, àbùkù rẹ̀ pọ̀ fún owó tí wọ́n gbà. Ẹ̀fọn wà. Omi tí a fi wẹ̀ ní iyọ̀, ara ń yún wa. Oúnjẹ wọn, ìrẹsì tí kò jinná dénú, tí wọ́n wá gbé ẹja kékeré lé lórí, iye rẹ̀ tó ohun tí ilé wa ń jẹ fún ọjọ́ púpọ̀. Bàámi ra àwo kan ní ìrọ̀lẹ́ yẹn nítorí ìtìjú, a sì jọ jẹ ẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé, Màmá Ìkìrun tan sítóòfù rẹ̀ nínú ahéré, ni máníjà bá sáré dé, ọkùnrin tó sanra, tó wọ ṣòkòtò funfun. "Màmá, ẹ máa jó wa mọ́lé! Ẹ ò rí òrùlé ni? Wọn ò gbọdọ̀ dáná níbí." Màmá Ìkìrun ní, "Ibo ni wọ́n ti ń dáná?" Ó ní kò síbì kankan, kí wọ́n wá ra oúnjẹ. Màmá Ìkìrun wò ó látòkèdélẹ̀. "Èèyàn á wá sùn sílé ẹ, o ò ní jẹ́ kó dáná? Irú onílé wo nìyẹn?"

Obìnrin náà kì í ṣe ẹni tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Ó gba ẹ̀yìn ọgbà, ó rí àwọn ìyàwó apẹja Ègùn tó ń yan ẹja lábẹ́ igi àgbọn, kò pẹ́ tí wọ́n fi fún un ní ààrò kan. Ẹ̀wà tó ti rẹ sílẹ̀ ló bó, ó lọ̀ ọ́, ó dín àkàrà. Ó wá ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé: ó kó àkàrà sínú àwo, ó mú Màámi lọ́wọ́, wọ́n ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà láti lọ kí àwọn tí a jọ ń gbé. Mo tẹ̀ lé wọn. Níbi tí a kọ́kọ́ dé, òyìnbó ọkùnrin kan tí kò wọ ẹ̀wù ló jáde, Màmá Ìkìrun kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ kú ilé, àwa la wà ní kejì yín." Òyìnbó náà bu àkàrà jẹ, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ki ọwọ́ sápò, ó mú owó jáde. Màmá Ìkìrun padà sẹ́yìn bí ẹni tí iná ta sí lára. "Owó kẹ̀? Ṣé mo ní mo wá ta nǹkan ni?" Bó ṣe rí nínú gbogbo ahéré nìyẹn. Ìdílé ọ̀gá ológun kan bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n ń fọ aṣọ. Àwọn kan wò wọ́n láti ojú fèrèsé láìṣílẹ̀kùn. Màmá Ìkìrun padà dé, ó jókòó, ó ní, "Jímọ̀, ibo lo mú wa wá? Wọn ò mọ ara wọn. Wọ́n sanwó kí wọ́n má baà mọ ara wọn!" Bàámi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi." Màámi jókòó sí àárín wọn, ó ń wo ilẹ̀. Mo gbọ́ tí Bàámi mí kanlẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni owó wa máa tán, Màámi ò sì tíì sùn.

Àwọn òyìnbó náà ló wá yọ wá láìmọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìyàwó ẹni tó jẹ àkàrà wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé àwo òfìfo dání, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Àkàrà ló ń béèrè. Màmá Ìkìrun gbàgbé ìbínú àná. "Ṣé ẹ rí i! Ebi ń pa wọ́n!" Ó kó ẹ̀wà tó kù, ó gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó apẹja, ó ń pariwo sí wọn láti ọ̀nà jíjìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Dàpọ̀ ti lọ, kò sí obìnrin kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó máa wọlé. Kò sí ẹni tó wọlé. Ó dìde, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó rìn lọ sí etí omi. Èmi náà dìde, Bàámi sì di apá mi mú, ó ní, "Jókòó." Ó ń wo Màámi. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára rẹ̀, ó ti mú ẹsẹ̀ kan ṣáájú bí ẹni tó máa sáré tó bá di dandan. Màámi ò wọ omi. Ó jókòó síbi tí iyanrìn ti tutù, ó na ẹsẹ̀ bí ọmọdé, ó sì kígbe. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹkún àwọn àgbà tí wọ́n ń fi aṣọ bò. Ó ń fi ọwọ́ lu iyanrìn, ó ń yí síwá sẹ́yìn, òkun sì ń bá a pariwo lọ, kò ní kó dákẹ́.

Màmá Ìkìrun gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ àwọn apẹja. Ó sáré dé, ẹ̀wà lílọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, gèlè ti tú. "Ṣé o dití ni? Ìyàwó ẹ ń sunkún!" Ó fẹ́ kọjá. Bàámi, tí kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ rí ní ojú mi, bọ́ síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Àǹtí mi, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má lọ." Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, lórí iyanrìn, kò sì kúrò lójú ọ̀nà. "Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni?" "Mo gbọ́, Àǹtí mi. Ohun tí mo sanwó fún nìyẹn." Obìnrin náà dúró. Ó wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó wo ìyàwó létí omi. Mo ti mọ̀ ọ́n títí ó fi kú, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Ó jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀wà rẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú òun náà.

Nígbà tí ẹkún náà tán, Màámi dìde, iyanrìn bo gbogbo ara rẹ̀, ó kọjá láàárín wa bí ẹni tí kò rí wa, ó wọnú ahéré, ó sì ṣubú sórí aṣọ funfun yẹn. Kí Bàámi tó fa ilẹ̀kùn dé, ó ti ń hanrun. Obìnrin tí kò hanrun rí. A jókòó sí ìta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ń gbọ́ ọ. Oòrùn ń gòkè. Àwọn ahéré yòókù ń di ẹrù, wọ́n ń ti búùtù mọ́tò. Máníjà ń bọ̀, ó ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó dé ọ̀dọ̀ wa. "Ọ̀gá, àkókò ti tó o. Àwọn mìíràn ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́." Bàámi fi ìka sẹ́nu. Ó ní ìyàwó òun ń sùn. Máníjà ní, "Ẹ jí i." Bàámi ní òun ò lè jí i. Máníjà ò burú, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹni tó bá kọjá ọ̀sán, owó ọjọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Bàámi ki ọwọ́ sí àpò. Ó mú ohun tó wà níbẹ̀ jáde, kò tó. Ó tún wo àpò kejì. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, aago tuntun kan ṣoṣo tó rà nínú gbogbo owó ọdún yẹn, ó ń nà án sí máníjà.

"Wọ aago ẹ," Màmá Ìkìrun ní. Kò pariwo. Ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fa etí ìró rẹ̀ jáde, ó ń tú kókó tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú eyín, owó tó fẹ́ fi ra òrùlé páànù fún ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìkìrun, tó ń gbé kiri nítorí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó ti ń sọ láti ọjọ́ Jímọ̀ pé ìnákúnàá ni. Ó ka iye tó kù fún máníjà sọ́wọ́, ó ní, "Gbà. Má sì jẹ́ kí àwọn tó ń ti mọ́tò yẹn pariwo. Ọmọ mi ń sùn."

Tí ẹ bá bi mí báyìí bóyá ó tó owó yẹn, mo máa sọ òótọ́. Bàbá Ìbejì kọ́ ilé sórí ilẹ̀ rẹ̀ ní Èjìgbò, àwọn ọmọ rẹ̀ ń gba owó ilé níbẹ̀ dòní, mo sì ń kí wọn kú oríire. Àwa ò ní ilẹ̀. Bàámi yá ilé gbé títí ọjọ́ ogbó rẹ̀, nígbà mìíràn tí onílé bá ń yọ wá lẹ́nu, mo máa ń rántí ilẹ̀ yẹn. Àmọ́ mo ní ìyá. Ó rán aṣọ ìgbéyàwó mi, ó wẹ àwọn ọmọ mi. Ohun tí mo sì sọ fún Táyọ̀ àti ọkọ rẹ̀ nígbà tí mo wá dá wọn lóhùn nìyí: ibi tí ẹ fẹ́ lọ yẹn, tó bá jẹ́ nítorí àwòrán ni, ẹ lọ sí pápá tó wà nítòsí, ẹ gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dání, ó ti tó. Omi tó wà níbẹ̀ àti àgbọn tó wà níbẹ̀, kò sí èyí tó tó owó yẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà nínú yín tó nílò ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní dá a dúró, ẹ má béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọkọ Táyọ̀ wo ilẹ̀. Táyọ̀ wo ọkọ rẹ̀, ó wá jókòó tì í. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kì í ṣe nítorí ọmọ ni ọkùnrin náà ṣe ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló nílò ibẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá, mo lọ gbé ẹ̀fọ́ kaná.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, létí òkun, Màámi sùn títí òjìji àwọn igi àgbọn fi gùn dé ẹsẹ̀ wa. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò kúrò níbẹ̀. Bàámi wà lórí àpótí, Màmá Ìkìrun ká apá lé àyà, èmi gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orúnkún, a tò síbẹ̀, a ò sọ̀rọ̀ kí a má baà jí i. Ilẹ̀kùn dún. Ó dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ wú, iyanrìn ṣì wà nínú irun rẹ̀, àmì aṣọ bẹ́ẹ̀dì sì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ta ló kú tí ẹ jókòó báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbọ́ ọ. Mo rí i tó gbọ́ ọ. Bàámi dìde, ó tún jókòó. Màmá Ìkìrun la ẹnu, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, "Ó tó, ó tó," àmọ́ ó pa ẹnu dé. Màámi di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó wo òkun.

"Dàpọ̀ ni," ó ní. "Dàpọ̀ mi ló kú."

Ó sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn, ó jókòó láàárín wa, ó ní ebi ń pa òun.